Martina Bergman-Österberg, Olùkọ́ Tó Kọ́ Àwọn Olùkọ́

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olùkọ́ eré ìdárayá sọ ní Yábàá)

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, mo kí yín o.

Tí a bá ń sọ̀rọ̀ obìnrin nínú eré ìdárayá l'Ékòó níbí, orúkọ àwọn tó gba àmì ẹ̀yẹ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1973, nígbà tí ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà wáyé ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, Modupe Oshikoya gba wúrà mẹ́ta: nínú fífò sókè, fífò jìnnà, àti eré sísá tí wọ́n ń fo igi ìdènà. Ṣáájú rẹ̀, ní 1966, Violet Odogwu ti gba idẹ nínú fífò jìnnà níbi ìdíje Commonwealth ní Kingston ní Jàmáíkà. Nígbà tó yá, òun náà di igbákejì ààrẹ Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Nàìjíríà.

Ẹni tí mo fẹ́ kí a jọ wò lónìí kò gba wúrà kankan. Olùkọ́ ni. Ó sọ kíkọ́ ọmọbìnrin ní eré ìdárayá di iṣẹ́ tí obìnrin lè fi jẹun, tó sì lè fi di ọ̀gá.

Ọmọ Sweden ni Martina Bergman-Österberg. 1849 ni wọ́n bí i. Ó kọ́ṣẹ́ ní Stockholm, ní ilé ẹ̀kọ́ eré ìdárayá tí Per Henrik Ling dá sílẹ̀ ní 1813. Ní 1881, àjọ tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní London fi í ṣe alábòójútó ẹ̀kọ́ ìdárayá fún àwọn ọmọbìnrin. Ọmọ mẹ̀kúnnù ló pọ̀ jù nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà. Ẹnì kan kò lè máa ti kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn ní ìlú tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà àwọn olùkọ́ ni obìnrin yìí mú. Ó kọ́ wọn, wọ́n padà sí kíláàsì wọn, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn olùkọ́ tó ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lé ní 1,000. Ibí yìí gan-an ni mo ti ka obìnrin yìí sí aṣíwájú.

Ní 1885, ó dá ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Hampstead, fún àwọn obìnrin nìkan. Ní 1895, ó kó o lọ sí Dartford, níbi tí ilẹ̀ wà fún pápá. Ọdún méjì ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Wọ́n ń kọ́ nípa egungun àti iṣan, nípa ìmọ́tótó, nípa bí a ṣe ń fi ìdárayá àti ọwọ́ pípa tọ́jú ara tó ń dùn ni, wọ́n sì ń lọ dánra wò nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìlú náà. Ẹ̀yin tí wọ́n máa ń sọ fún pé "fèrè ni iṣẹ́ tìrẹ," ẹ gbọ́ ohun tí iṣẹ́ yín ní nínú láti ìgbà náà.

Nẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù tí àwọn ìyá wa gbá ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin l'Ékòó, ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló ti dàgbà. Àlejò kan láti Amẹ́ríkà ló kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní 1895. Apẹ̀rẹ̀ ìdàdọ̀tí ni wọ́n kọ́kọ́ ń jù ú sí. Ní Dartford, wọ́n gbé eré náà bọ́ sí orí koríko, wọ́n fi òrùka àti àwọ̀n dípò apẹ̀rẹ̀. Ní 1901, wọ́n tẹ òfin rẹ̀ jáde.

Aṣọ ńkọ́? Yẹ̀rì tó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀ àti aṣọ abẹ́ líle tó fún ìhà pinpin ni obìnrin ń wọ̀ láyé ìgbà náà. Ní nǹkan bí 1892, Mary Tait, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Hampstead, rán aṣọ kan: kò lápá, pílíìtì rẹ̀ fẹ̀, ó mọ ní orúnkún, bẹ́líìtì wà ní ìbàdí rẹ̀. Ọmọ lè gbọ́wọ́ sókè, ó lè ya ẹsẹ̀, ó lè fò. Pínáfọ̀ tí àwọn ọmọ wa ń wọ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́ bá a tan. Nítorí náà, tí olùkọ́ kan bá sọ pé pínáfọ̀ kò jẹ́ kí ọmọbìnrin sáré, kí ó lọ wo bí wọ́n ṣe rán an, bóyá ó ti fún jù ni.

Mo bọ̀wọ̀ fún obìnrin yìí, ṣùgbọ́n ohun méjì wà tí n kò bá a fọwọ́ sí. Àárín àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn tí òbí wọn lówó ló lè san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Èkejì ni pé nígbà tí àwọn tó kọ́ dá Ẹgbẹ́ Ling, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ eré ìdárayá, sílẹ̀ ní 1899, tí wọ́n ní kí àwọn tó kọ́ṣẹ́ níbòmíràn náà wọlé, kò fara mọ́ ọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló ríran jù ú lọ níbẹ̀. Rhoda Anstey, ọ̀kan nínú wọn, ti dá ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1897, Margaret Stansfeld náà dá tirẹ̀ ní Bedford ní 1903. Ṣùgbọ́n kí Bergman-Österberg tó kú ní 1915, ó fi Dartford sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè. Ìyẹn wú mi lórí.

Èkó náà ń dá irú àṣìṣe àkọ́kọ́ yẹn. Ilé ẹ̀kọ́ olówó ní pápá. Ní Erékùṣù, ilé ẹ̀kọ́ méjì mẹ́ta lè jọ máa lo ọgbà kan, tí mọ́tò àwọn olùkọ́ sì gba ìyókù. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹ jọ kọ̀wé pọ̀ láti tọrọ wákàtí ní àwọn pápá ìṣeré bíi Rowe Park, Campos àti Oníkán. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ mẹ́wàá wúwo ju ti ẹnì kan lọ. Kí ẹ sì yan olùkọ́bìnrin kan ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan tí yóò máa kọ́ àwọn olùkọ́ yòókù.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ìyáàfin kan láti Ìsàlẹ̀ Èkó dìde. Ó ní, "Mà, àwọn ọmọ wa tó ń lo híjáàbù ńkọ́? Bàbá wọn kò ní gbà kí wọ́n wọ ṣọ́ọ̀tì."

Mo ní kò sí ẹni tó ní kí wọ́n wọ ṣọ́ọ̀tì. FIFA ti fàyè gba ìbòrí láti 2014, FIBA, àjọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àgbáyé, náà láti 2017. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ ṣòkòtò gígùn tó ní rọ́bà lẹ́sẹ̀, ẹ̀wù alápá gígùn, àti híjáàbù kúkúrú tí wọ́n rán pa pọ̀ tí kò gba píìnì, nítorí píìnì lè gún ọmọ lọ́rùn tí wọ́n bá kọlu ara wọn. Ẹ fi aṣọ náà han àwọn òbí kí ẹ tó rán an, kí ẹ sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ìyá tó bá jẹ́ télọ̀ láàárín wọn.

Ó ní ẹni méjì tó ń ránṣọ wà nínú wọn, òun á sì gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó ń bọ̀.