Ọmọ yẹn kì í ṣe ọlọ́wọ́-ilá: wáàsí Jímọ̀ fún àwa tá a dúró létí pápá

As-salaamu alaykum wa rahmatullaahi wa barakaatuh. Ẹ kú ọjọ́ Jímọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi ní Adó àti gbogbo Èkìtì, àti ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ sàká ni mo ti ní lọ́kàn fún ọ̀sẹ̀ yìí, àmọ́ bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé yẹn ò jẹ́ kí n rójú sọ ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ eléyìí kó tán nílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ò sí níbẹ̀, bó ṣe lọ rèé. Àwọn ọmọ àdúgbò wa, àwọn tí ò tíì ju ọdún 15 lọ, ọ̀pọ̀ wọn ọmọ ilé kéwú wa ni, wọ́n dé fáìnà. Wọ́n ti jẹ góólù méjì kí wọ́n tó lọ sinmi, àwọn kan ti ń bèèrè ibi tá a máa gbé kọ́ọ̀pù sí. Wọ́n padà wọlé, ni arákùnrin kan bá gbé fóònù sókè, ó ní òun ń ya fídíò tóun máa fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan l'Ékòó tó ń wá ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Háà! Gbogbo wọn ló wá fẹ́ jẹ góólù. Àwọn méjì tó yẹ kó dúró lẹ́yìn sá lọ síwájú, kóòṣì ń pariwo "ẹ padà, ẹ padà!", àwa tá a wà létí pápá náà ń pariwo "ẹ máa lọ, ẹ tún jẹ ẹ̀kẹta!", mi ò sì ní purọ́ fún yín lọ́jọ́ Jímọ̀, ohùn tèmi wà níbẹ̀. Kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, mẹ́ta ti wọlé wa. Ẹ̀kẹta yẹn ló bọ́ lọ́wọ́ kípà, tó gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́ bí ẹni tó mọ̀nà ilé. Réfúrì fọn fèrè, ó tán.

Mò ń wo ọmọ náà. Kò sunkún o. Ó jókòó ti òpó, ó bọ́ gílọ́ọ̀fù rẹ̀, ọ̀kan ti ya tipẹ́, òwú funfun ni wọ́n fi rán àtàǹpàkò rẹ̀, ó kì í bọ inú ọ̀rá dúdú kan, ó sì fẹsẹ̀ rìn gba ọ̀nà Bàsírì lọ, kò tẹ̀lé àwọn yòókù wọ bọ́ọ̀sì. Ìyá rẹ̀ àgbà sọ fún mi pé òun ti gún iyán dè é, òun ní "wá ulé, wá jiyán", ọmọ ní ebi ò pa òun. Ọmọ Èkìtì tó kọ iyán! Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá bọ́ọ̀lù nìyẹn.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ṣe sítíkà sórí gúrúùpù WhatsApp, wọ́n gbé orí ọmọ ọlọ́mọ lé ilá, wọ́n kọ "ọlọ́wọ́-ilá" sí i lábẹ́. Àgbàlagbà ló ṣe é o, ẹni tó ti bí ọmọ tó ju kípà yẹn lọ. Àwọn míì tún ń bínú nítorí pé wọ́n ti ta tẹ́tẹ́ síra wọn lórí bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé, owó sì ti wọgbó. Súrà Al-Maa'idah nínú Kùránì, áyà 90, ti sọ tiẹ̀ pé ọtí àti tẹ́tẹ́, ẹ̀gbin ni, iṣẹ́ èṣù ni, ẹ jìnnà sí i. Ẹ ò jìnnà sí i, ẹ wá fẹ́ kí ọmọ kékeré san gbèsè yín.

Ẹ jẹ́ n mú yín dé Uhud, ogun tí àwọn Mùsùlùmí bá àwọn ará Mẹ́kà jà lẹ́bàá Madina. Mi ò fi bọ́ọ̀lù wé jíháàdì o, kí ẹnikẹ́ni má pè mí láago lórí ìyẹn, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni mò ń wá. Ọdún kẹta Hijira ni. Ànábì Muhammad, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi àádọ́ta tafàtafà sórí òkè kékeré kan, ẹ má rò pé òkè bíi ti Olósùnta n'Íkẹ̀rẹ́ ni, òkè kékeré báyìí ni, ó fi Abdullah ọmọ Jubayr ṣe olórí wọn, ó ní kódà bí ẹ bá rí i tí ẹyẹ ń já ẹran ara wa jẹ, ẹ má kúrò níbẹ̀ àyàfi tí mo bá ránṣẹ́ sí yín. Ogun bẹ̀rẹ̀, àwọn Mùsùlùmí ń borí, àwọn ọ̀tá ń sá. Àwọn tó wà lórí òkè rí ọrọ̀ ogun nílẹ̀, ojú wọn ò gbébì kan mọ́, "ọrọ̀ ogun rèé o!", ni ọ̀pọ̀ wọn bá sọ̀kalẹ̀. Olórí wọn ń pè wọ́n, wọn ò gbọ́. Khalid ọmọ Walid, tí kò tíì gba Islam nígbà yẹn, fi ẹṣin yípo gba ẹ̀yìn wọlé. Àádọ́rin sàhábà, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ Ànábì, ló kú, Hamza tó jẹ́ àbúrò bàbá Ànábì wà nínú wọn, wọ́n ṣá Ànábì fúnra rẹ̀ lójú, eyín rẹ̀ ṣẹ́.

Ẹ wá wo nǹkan tí Ọlọ́hun sọ. Kò bo àṣìṣe yẹn mọ́lẹ̀. Nínú súrà Aal-Imraan, áyà 152, Ó ní ẹ rẹ̀wẹ̀sì, ẹ ń bára yín jiyàn, ẹ sì yapa àṣẹ lẹ́yìn tí mo ti fi ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn hàn yín. Àmọ́ nínú áyà kan náà, kí ó tó parí, Ó ní Òun ti ṣàmójúkúrò fún yín. Nígbà tó dé áyà 159, Ó kọjú sí Ànábì, Ó ní àánú Ọlọ́hun ló jẹ́ kí o rọ̀ fún wọn, ká ní o jẹ́ òǹrorò ọlọ́kàn líle ni, wọn ì bá ti fọ́n ká kúrò lọ́dọ̀ rẹ, nítorí náà ṣàmójúkúrò fún wọn, tọrọ àforíjìn fún wọn, kí o sì máa bá wọn jíròrò lórí ọ̀rọ̀.

Kí o sì máa bá wọn jíròrò. Ibẹ̀ yẹn ló máa ń mú mi. Torí kí wọ́n tó lọ sí Uhud, Ànábì ti bá wọn jíròrò, èrò tirẹ̀ ni pé kí wọ́n dúró sínú Madina, àwọn ọ̀dọ́, àwọn tí ò rí ogun Badr tó ṣáájú bá wọn jà, ni wọ́n ń fò sókè pé àfi ká jáde lọ pàdé wọn. Ó gbà fún wọn. Ibi tó já sí lẹ rí yẹn. Tó bá jẹ́ àwa ni, títí a ó fi kú la ó máa sọ ọ́, "mo sọ fún un yín, mo sọ fún un yín!" Ànábì ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́hun tún wá ní kó ṣì máa bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rò. Àwọn àgbà wa náà ní bí a bá fọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra, òsì nìkan lọ̀pọ̀ wa ní.

Gbogbo ọ̀rọ̀ orí gúrúùpù WhatsApp yẹn, "ká ní" ni. Ká ní ó dùbúlẹ̀. Ká ní kóòṣì ti pààrọ̀ rẹ̀. Ànábì sọ nínú hádíìsì tí Imaamu Muslim, ọ̀kan nínú àwọn tó kó ọ̀rọ̀ Ànábì jọ, gbà wá pé máa wá ohun tó máa ṣe ọ́ láǹfààní, wá ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́hun, má sì káàárẹ̀, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, má sọ pé ká ní mo ṣe báyìí ni, sọ pé Ọlọ́hun ló kádàrá rẹ̀, ohun tó wù Ú ló ṣe, torí "ká ní" ń ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ èṣù. Ìyẹn ò ní ká má ṣe tìrénì o, hádíìsì yẹn gan-an, akitiyan ló fi bẹ̀rẹ̀.

Kódà eré ìdíje, ó ṣẹlẹ̀ sí Ànábì. Ó ní ràkúnmí kan tó ń jẹ́ Adbaa, ràkúnmí kan ò lè sá a tán. Ará oko kan gun ọ̀dọ́ ràkúnmí dé, ó sì sá a tán. Ó dun àwọn sàhábà dé ibi pé Ànábì rí i lójú wọn. Ó ní ẹ̀tọ́ ni lọ́dọ̀ Ọlọ́hun pé kò sí ohun kan láyé yìí tó máa ga tí Òun ò ní rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Imaamu Bukhari, tóun náà kó hádíìsì jọ, ló gbà á wá. Ẹ rí i pé kò bá ràkúnmí wí, kò sì ní wọ́n ṣe ojúsàájú.

Ẹ̀yin ọmọ 94, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1994, ẹ ò gbàgbé. Ọjọ́ 5 oṣù keje, Amuneke ti jẹ góólù fún Nàìjíríà wa, a ti ń lu Ítálì títí dé ìṣẹ́jú 88, ni Roberto Baggio bá dá a padà, ó tún gbá pẹ́nárítì wọlé nígbà àfikún. Mo rántí bí àdúgbò ṣe dákẹ́, àfi jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan tó ń dún. Ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn rẹ̀, ní fáìnà, Baggio yìí kan náà ló gbé pẹ́nárítì gba òkè òpó kọjá tí Brazil fi gba kọ́ọ̀pù. Ní 1996, níbi Òlíḿpíìkì ní Atlanta, a fi 4-3 na Brazil lẹ́yìn tí wọ́n ti ń nà wá 3-1, Amuneke ló sì jẹ góólù tá a fi lu Ajẹntínà 3-2 ní fáìnà. "Àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, À ń yí i po láàrin àwọn èèyàn", áyà 140 nínú súrà Aal-Imraan yẹn náà nìyẹn. Khalid tó gba ẹ̀yìn wọlé l'Úhúd, òun ló padà gba Islam, tí wọ́n wá ń pè ní idà Ọlọ́hun.

Ẹnì kan tún wá bá mi pé wọ́n rì nǹkan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn òpó wa, ká lọ wá ońdè fáwọn ọmọ kó tó di ọdún tó ń bọ̀. Mo ní ṣé ohun tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ló ní kí àwọn bááàkì sá lọ síwájú ni àbí èmi àti ẹ? Ànábì ní ẹni tó bá so ońdè ti ṣẹbọ. Ẹ má fi ìyẹn kọ́ ọmọ wa jàre.

Ọjọ́rú ni mo lọ sílé wọn. Mi ò ṣe wáàsí kankan fún un, mo kàn bi í pé kí ló rí, kí ló rò pé ó ṣẹlẹ̀. Ó wò mí títí. Ó ní, "Àáfà, oòrùn wà lójú mi. Ní sẹ́kọ́ńdì háàfù, apá tí oòrùn ti ń wọ̀ ni mo kọjú sí, mi ò rí bọ́ọ̀lù yẹn àfi ìgbà tó dé ọwọ́ mi." Ó ní tí wọ́n bá tún ju owó sókè láti mú apá, kí káputéènì wa máa wo ibi tí oòrùn wà. Láti ọjọ́ Sátidé, kò sẹ́ni tó bi í. Mo sọ fún kóòṣì, kóòṣì dìde, ó lọ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa sítíkà yẹn rẹ́ kẹ́ ẹ tó wá kírun Jímọ̀ lónìí. Tìrénì bẹ̀rẹ̀ lọ́la lẹ́yìn ìrun Alásárì, kípà ti ní òun ń bọ̀. Ìyá wa kan ti gbé owó gílọ́ọ̀fù tuntun kalẹ̀, ẹni tó bá ń lọ sí Èkó lọ́sẹ̀ yìí kó bá wa rà á bọ̀. Nọ́ńbà 7 ló ń wọ̀, ẹ má ra 9 wá o, ọwọ́ ọmọ náà ò tíì tó bẹ́ẹ̀.