Ọkọ̀ akẹ́rù ní títì Àjàṣẹ́: ta ló yẹ kó sanwó ìtanràn?

Ẹ jẹ́ ká mú títì kan lẹ́bàá ọjà Ouando, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wa níbí, títì tó fẹ̀ ní mítà 7. Kàmíọ̀ kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń já sìmẹ́ǹtì. Ìbú rẹ̀ lè tó mítà 2.55, òfin UEMOA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń ná owó CFA, gbà á. Ó ku mítà 4.45. Bí kàmíọ̀ mìíràn bá fẹ́ kọjá, mítà 1.90 péré ló kù fún zémìjàn (alùpùpù akérò), ìyá tó gbẹ́rù lérí àti ọmọ iléèwé. Títì ò kéré o. Ilé-iṣẹ́ kan ló sọ ọ́ di yàrá ẹrù ara rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ wo ìwúwo náà. Tọ́ọ̀nù 11.5 ni CEDEAO (ECOWAS) gbà lórí irin tó so taya ọ̀tún mọ́ tòsì, èyí táwọn awakọ̀ wa ń pè ní essieu. Ìdánwò títì tí AASHO, ẹgbẹ́ àwọn aláṣẹ ọ̀nà, ṣe ní Amẹ́ríkà, 1958 sí 1960, fi hàn pé bí ẹrù orí essieu bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ títì ń lọ sí nǹkan bí ìlọ́po 16. Torí náà, ẹni tó gbé tọ́ọ̀nù 15 síbi tó yẹ kó jẹ́ 11.5 ti sọ ìbàjẹ́ di bí ìlọ́po mẹ́ta. Lórí títì pávé, èyí tí wọ́n fi òkúta tò, bí kàmíọ̀ bá ń yí lójú kan, taya ẹ̀yìn á máa wọ́ òkúta, iyanrìn abẹ́ rẹ̀ á yẹ̀, omi òjò á wọlé. Ọmọrí gọ́tà ló sábà ń kọ́kọ́ fọ́, torí orí rẹ̀ ni awakọ̀ ń gùn bí ọ̀nà bá há.

Ẹ má sáré lé gbogbo kàmíọ̀ kúrò nílùú. Tọ́ọ̀nù 20 tí kàmíọ̀ kan gbé, ọkọ̀ kékeré tó ń kó tọ́ọ̀nù 1.5 á rìn ín nígbà 14. Ẹ má sì sọ pé òru nìkan ni kí wọ́n máa wọ̀lú. Ta ni á ṣí ìsọ̀ ní aago 2 òru láti gbẹrù? Lọ́ńdọ̀nù gan-an, láti 1985 ló ti ń dí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá lọ́wọ́ lóru, nítorí ariwo.

Kí mẹ́rì, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ìjọba ìlú, kọ́kọ́ ka ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, wákàtí sí wákàtí, kí ọjọ́ ọjà wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yan ọ̀nà àti àkókò, bí aago 5 sí 7 àárọ̀. Kí gáréèjì ìdúró wà lẹ́yìn ìlú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń dúró de aago á dí ẹnu ọ̀nà ìlú. Nínú ọjà, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí àyè tí wọ́n á ti máa já ẹrù: mítà 15 ní gígùn, 3 ní ìbú, torí kàmíọ̀ mítà 10 nílò àyè láti wọlé. Bí kò bá sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ, àtẹ ọlọ́jà á ti gbà á kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìtanràn ẹni tó bá rú òfin yìí ńkọ́? Awakọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbá mú, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ ló yan aago, òun náà ló di ẹrù. Kí ìwé àṣẹ wíwọ̀lú wà lórúkọ ilé-iṣẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà gbogbo ọkọ̀ rẹ̀, kí ìtanràn sì máa lọ sórí ìwé náà. Kó má jẹ́ iye kan náà títí láé o! Ní New York, ilé-iṣẹ́ akẹ́rù lè bá ìlú ṣàdéhùn pé wọn ò ní jiyàn, ìlú á sì dín ìtanràn kù fún wọn. Ó wá dà bí owó ìdúró ọkọ̀ lásán. Ẹ̀ẹ̀kejì, kó di ìlọ́po méjì. Ẹ̀ẹ̀kẹta láàárín oṣù mẹ́ta, kí ìwé náà dúró ní mẹ́rì títí ọ̀gá fúnra rẹ̀ á fi wá gbà á.