Òṣì Kọ́ Ló Wó Ilé: Ìrìn Kan Láàárín Ìgboro Buffalo

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ nípa Buffalo yìí, ìlú ẹ̀bá adágún Erie ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, tí púpọ̀ nínú yín ń gbé, tẹ́ ẹ sì ń wakọ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá láràárọ̀ láìgbójú sókè.

Bẹ́ ẹ bá dúró sétí odò Buffalo, tí atẹ́gùn fẹ́ wá láti ọ̀gangan ilé iṣẹ́ General Mills, òórùn ọkà tí wọ́n ń yan ni yóò kọ́kọ́ kí yín. Cheerios ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ibi òórùn yẹn ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀, torí ọkà ló kọ́ ìlú yìí. Ọdún 1825 ni wọ́n parí odò àfọwọ́gbẹ́ Erie, tó gùn tó máìlì 363, bí ọkà àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ṣe rí ọ̀nà dé ìlú New York nìyẹn. Orí èjìká làwọn alábàárù fi ń rù ú kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi, títí di 1842 tí Joseph Dart kọ́ aká kan sí èbúté, tó sì fi ẹ̀rọ sí i: bẹ́líìtì gígùn tí wọ́n kan garawa kéékèèké mọ́ ń wọ inú ọkọ̀, ó ń bu ọkà, ó ń gbé e gòkè. Ohun tó ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ tẹ́lẹ̀ di iṣẹ́ wákàtí díẹ̀. Aká lórí aká ni wọ́n ń kọ́ lẹ́yìn ìyẹn, pákó lákọ̀ọ́kọ́, kọnkéré nígbà tó yá, àwọn míì sì ga tó ilé alájà mẹ́wàá. Wọ́n ṣì wà létí odò, ẹ ti rí wọn.

Owó wọlé. Iná mànàmáná láti Niagara dé ìlú ní 1896, ilé iṣẹ́ irin tẹ̀ lé e ní Lackawanna, ìlú tó bá Buffalo pààlà. Nígbà tó fi máa di 1900, ìlú mélòó kan péré, méje gan-an, ló lérò ju Buffalo lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ dúró sí oríta tí títì Church ti pàdé Pearl. Mi ò mọ oríta míì ní Buffalo tó dùn ún dúró sí tó o. Lápá kan, ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul's tí Richard Upjohn yàwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀ láti 1851, òkúta tó ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ilé ṣóńṣó lórí. Lódìkejì, Guaranty Building, ilé alájà 13 tí Louis Sullivan àti Dankmar Adler kọ́, tí wọ́n parí ní 1896. Ọdún márùndínláàádọ́ta ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, èkejì ń gba owó ọ́fíìsì, síbẹ̀ àwọ̀ wọn bára mu bí aṣọ ẹbí.

Ẹ má tíì súnmọ́ Guaranty. Ẹ kọ́kọ́ wo bí àwọn òpó tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣe na gba-n-gba gòkè láìdúró lọ́nà, tí wọ́n wá tẹ̀ síra nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n kan òrùlé, bí ẹ̀ka igi ṣe ń pàdé lójú ọ̀nà oko, tí fèrèsé roboto sì tò sórí wọn. Egungun irin ló wà nínú rẹ̀, ilé náà ò sì fi í pa mọ́: gíga ló fẹ́ ga, ó sì ga láìtijú.

Ẹ wá súnmọ́ ọn báyìí títí ọwọ́ yín á fi tó o. Amọ̀ sísun ni wọ́n fi bo gbogbo ara rẹ̀, àwọ̀ ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú iná jáde. Kò síbi tó tó àtẹ́lẹwọ́ níbẹ̀ tí wọn ò fín: ewé, hóró èso, òbìrí nínú òbìrí, okùn tó lọ́ mọ́ra. Ẹni tó bá ti rí igbá fínfín rí á mọ irú sùúrù tí mò ń sọ. Ẹ sì gbójú sókè: wọ́n fín in dé abẹ́ òrùlé, níbi tí ojú ẹni tó wà nílẹ̀ ò lè dá a mọ̀ mọ́. Ta ni wọ́n ń ṣe ìyẹn fún? Mo gbà pé ìlú ni wọ́n ṣe é fún, torí wọ́n rò pé ìlú ò ní lọ síbì kankan.

Ilé yìí jóná díẹ̀ ní 1974, wọ́n sì fẹ́ wó o. Àwọn tó mọ iyì rẹ̀ ò gbà. Wọ́n tún un ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, iṣẹ́ sì ń lọ nínú rẹ̀ dòní.

Ìrìn díẹ̀ síbẹ̀ ni ilé Ellicott Square wà, tóun náà ṣí ní 1896. Alájà mẹ́wàá péré ni, ṣùgbọ́n kò sí ilé ọ́fíìsì tó tóbi tó o lágbàáyé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Ẹ wọ àgbàlá inú rẹ̀ lọ́sàn-án, ìmọ́lẹ̀ á máa bọ́ láti orí òrùlé onídígí sórí ilẹ̀ tí wọ́n fi wóro òkúta mábù ya àwòrán sí.

Ibi tí mò ń lọ nìyí. Ètò ìkànìyàn 1950 ka 580,132 èèyàn ní Buffalo. Ti 2020 ka 278,349. Ní 1959, wọ́n ṣí ọ̀nà odò St. Lawrence, ọkọ̀ ọkà ò ní kí Buffalo mọ́ kó tó bọ́ sókun. Ní 1983, iná iṣẹ́ irin kú ní Lackawanna. Gbogbo ènìyàn mọ ìtàn yẹn, ohun tí wọ́n sì máa ń fi parí ẹ̀ ni pé òṣì ló wó àwọn ilé. Mi ò gbà. Ẹ wo ọdún tí wọ́n wó wọn. Ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ọṣẹ Larkin, tí ayàwòrán ilé Frank Lloyd Wright kọ́, tí wọ́n parí ní 1906, tí ìmọ́lẹ̀ ń ti òrùlé wọ àárín rẹ̀ gba àjà márùn-ún kọjá: 1950 ni wọ́n wó o, ọdún kan náà tí èrò ìlú pọ̀ jù lọ! Ọgbà ìgbọ́kọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ síbẹ̀, wọn ò sì kọ́ ọ. Báńkì Erie County Savings, ilé olókùúta bí ààfin, wọ́n wó o ní 1968 nítorí ṣọ́ọ̀bù ìgbàlódé. Ìrètí ló wó wọn, ìrètí ẹni tó rò pé tuntun ń bọ̀, kí àtijọ́ yàgò. Nígbà tí owó wá tán pátápátá, kò sẹ́ni tó rí owó wó ìyókù, ìyẹn ló jẹ́ ká rí nǹkan wò lónìí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà: ìlú púpọ̀ tó rówó ju Buffalo lọ ló ń wá irú oríta Church àti Pearl yẹn, wọn ò rí i.

Ṣùgbọ́n ilé kan ṣoṣo kì í ṣe títì. Agbo ilé ni títì, ògiri ń gba ti ògiri. Ẹ rìn ní àárín ìgboro lóṣù kìíní ọdún, kẹ́ ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí kan kọjá, níbi tí ilé mẹ́ta mẹ́rin wà tẹ́lẹ̀: atẹ́gùn adágún Erie á gbá yín lójú lójijì. Bẹ́ ẹ bá tún ti dé iwájú ilé, ó dáwọ́ dúró. Ara yín ló ń sọ fún yín ohun tí wọ́n mú kúrò níbẹ̀.

Ẹ gun City Hall, ilé ìjọba ìlú, ọ̀fẹ́ ni. Ilé alájà 32 ni, 1931 ni wọ́n parí rẹ̀. Lífíìtì á gbé yín dé àjà 25, ẹ̀sẹ̀ lẹ máa fi gun ìyókù dé 28. Láti òkè yẹn lẹ ti máa rí ohun tí Joseph Ellicott, awọnlẹ̀ tó ṣètò ìlú yìí, yà sórí ìwé ní 1804: títì tó ń tú jáde láti Niagara Square bí ìtànṣán oòrùn, tí àwọn aká sì wà lọ́ọ̀ọ́kán létí omi. Ẹ máa rí àwọn àlàfo náà, wọ́n pọ̀.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ lọ sí àdúgbò Larkin, nítòsí títì Seneca. Òpó bíríkì kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀ nínú iṣẹ́ Wright, ó dá dúró lẹ́bàá ilẹ̀ ìgbọ́kọ̀sí. Kò ga. Ọmọdé á lè fọwọ́ kàn án.