Ọ̀rọ̀ Àpọ́nlé Tó Ń Fi Agbára Hàn Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá. Gbólóhùn méjì ló wà lójú yín báyìí. Èkíní ni "She works hard." Èkejì ni "She hardly works." Obìnrin inú gbólóhùn kìíní ń ṣiṣẹ́ kárakára. Ti inú èkejì, díẹ̀ ló kù kó má ṣe iṣẹ́ kankan rárá. Ẹni tó bá fẹ́ yin òṣìṣẹ́ rẹ̀ nínú lẹ́tà, tó wá kọ gbólóhùn kejì, ti ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́, "l" àti "y" péré ló sì fà á.

Wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ pé tí a bá fi "ly" sídìí ọ̀rọ̀ àpèjúwe, ìyẹn èyí tó ń sọ bí nǹkan ṣe rí, á di ọ̀rọ̀ àpọ́nlé, èyí tó ń sọ bí a ṣe ṣe nǹkan. Òótọ́ ni: "strong" di "strongly", "fierce" di "fiercely". Àmọ́ "hard" ò sí lára wọn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tí wọ́n ń sọ kó tó di nǹkan bí ọdún 1100, "hearde" ni wọ́n ń pè é tó bá ń pọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe lé. Nígbà tó yá, "e" ìparí yẹn pòórá lẹ́nu àwọn èèyàn, ohun tó ṣẹ́ kù wá jọ ọ̀rọ̀ àpèjúwe láìyẹsẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ "fast" náà ṣe rí nìyẹn, tí ẹ ò fi ní gbọ́ "fastly" lẹ́nu wọn.

"Hardly" ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà kan rí, òun náà máa ń túmọ̀ sí tipátipá, tàbí pẹ̀lú ìnira. Ohun tó bá sì jẹ́ pé pẹ̀lú ìnira ló fi ń ṣeé ṣe, díẹ̀ ló kù kó má ṣeé ṣe. Ibẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ gbà yí padà. Ẹ wo "agbára káká" tiwa. Agbára wà nínú rẹ̀ gbangba, síbẹ̀ tí mo bá ní "agbára káká ni mo fi gbọ́ ohun tó sọ", ohun tó máa yé yín ni pé díẹ̀ ló kù kí n má gbọ́. Ọ̀nà kan náà ni èdè méjèèjì gbà. Ẹ máa fi agbára káká rántí "hardly", kò ní dàrú mọ́ yín lójú mọ́.

Ó dáa. Ibi tó ń dààmú èèyàn jù la dé yìí. Tí a bá fẹ́ sọ pé nǹkan le tàbí pé ó pọ̀ lágbára, "very" àti "strongly" ló máa ń sáré wá sí wa lẹ́nu. Ẹnì kan á ní "It rained strongly." Ẹlòmíì á ní "I very want to pass." Ohun tó fẹ́ sọ yéni, ṣùgbọ́n etí ẹni tó ni èdè ò gbà á.

Ẹ wo bí àwa ṣe ń sọ tiwa ná. Nǹkan a máa pupa fòò. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé ó dúdú fòò, dúdú kirikiri là ń wí. A máa ń di nǹkan mú gbọn-in, a kì í sunkún gbọn-in. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló mọ èyí tó ń bá rìn, ọmọ Yorùbá kì í sì í ronú kó tó yàn án. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Gẹ̀ẹ́sì rí. Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ́ ọ̀rọ̀ àpọ́nlé lóun nìkan. Ẹ kọ́ ọ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń bá rìn.

Òjò máa ń rọ̀ "heavily" tàbí "hard". Èèyàn máa ń sunkún "bitterly", bí àwa náà ṣe ń sọ pé ó sunkún kíkorò. "Strongly" bá èrò àti ìmọ̀ràn lọ: "I strongly advise you to wait," "We strongly disagree." "Vehemently" jẹ́ ti ẹni tó ń fi gbogbo ara sẹ́ nǹkan tàbí tó ń takò ó: "He vehemently denied it." "Vigorously" wà fún ohun tí ara ń fi okun ṣe, bíi kí a gbọn ìgò tàbí kí a fọ ìdọ̀tí tó ti gan mọ́ nǹkan. Ní ti "very", kì í dá pọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe lé. Ẹ sọ pé "I really want to pass," tàbí "I want very much to pass."

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, ká wo bí àpọ́nlé ṣe ń yí ìtàn rẹ̀ padà. Lójú tèmi, ibí yìí ló dùn jù. Ọkùnrin kan ń fa okùn. "He pulled the rope hard": ó fi agbára fà á, ó tán. "He pulled the rope steadily": agbára náà wà ńbẹ̀, àmọ́ kò kánjú, kò sì dẹwọ́. "He pulled the rope furiously": ọwọ́ rẹ̀ ń yá, ó ń fà á wìtìwìtì, inú lè máa bí i, inú sì lè má bí i. "He pulled the rope desperately": háà, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Nǹkan kan ń bẹ ní ìdí okùn yẹn tí kò gbọ́dọ̀ bọ́. Ẹ̀rù ti wọ inú agbára náà, àwa tí a ń kà á sì ti ń bẹ̀rù pẹ̀lú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún wa pé kí ló wà níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún méjì tó jọra: "forcefully" àti "forcibly". Agbára ọ̀rọ̀ tàbí ti ìwà ló sábà máa ń wà nínú "forcefully": "She argued forcefully" túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ rinlẹ̀, ó sì fi ìgboyà sọ ọ́. "Forcibly" jẹ́ tipátipá. "He was forcibly removed" túmọ̀ sí pé wọ́n gbé e jáde nígbà tí òun ò fẹ́ lọ. Nínú ìròyìn tàbí nínú ìwé ẹjọ́, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré.

Ibo la máa fi wọ́n sí nínú gbólóhùn? "Hard" máa ń dúró lẹ́yìn àbọ̀, ìyẹn ohun tí a ṣe nǹkan sí: "She pushed the door hard," bí a ṣe ń sọ pé ó ti ilẹ̀kùn tagbáratagbára. Àwọn tó ní "ly" lè dúró síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì lè ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Àárín ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ má fi wọ́n sí. "She shook vigorously the bottle" kò dún dáadáa rárá. Àwa máa ń fi àpètúnpè ki ọ̀rọ̀ láyà, bíi kíkankíkan, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kì í sọ pé "hard hard". "Really hard" ni wọ́n ń sọ, tàbí "as hard as she could", ìyẹn ni pé ó fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé. Ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn ti gbé agbára tirẹ̀ dání. "Clutch" ti jẹ́ kí a di nǹkan mú pinpin, kí ni "tightly" tún ń wá lẹ́yìn rẹ̀? "Shout" ti jẹ́ ariwo, ẹ má fi "loudly" kún un. Ẹ kọ "He shouted," kí ẹ sì kọjá sí gbólóhùn tó kàn.