Àwo Orin Tí Afọnfèrè Idẹ Fẹ́ràn Jù, àti Ìdí Tí Fèrè Yín Kì í Fi Bá A Mu

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ gbé trumpet yín lé itan, ẹ má tíì fọn ọ́n. Bí àwọn afọnfèrè idẹ bá jókòó ní Sábó, ní Ìkòròdú níbí, tí wọ́n ní kí kálukú dárúkọ àwo orin tó fẹ́ràn jù láyé, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wọn lórí. Ti ẹni tó ń fọn ní ṣọ́ọ̀ṣì yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń tẹ̀lé pósí òkú kiri ìgboro. Àwọn tó ṣeé fi kọ́ṣẹ́ nìkan la kó wá lónìí.

West End Blues ni ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú. Louis Armstrong, afọn-trumpet ará Amẹ́ríkà, gbà á sílẹ̀ ní Chicago, ọjọ́ 28 oṣù kẹfà, ọdún 1928. Trumpet nìkan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sí ìlù, kò sí dùùrù. Ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, kò tó ìdajì ìṣẹ́jú tó fi ṣe é tán. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọ́n á máa sáré lé àwọn ohùn wẹ́wẹ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n á sì fi ohùn mẹ́rin àkọ́kọ́ ṣeré, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ mẹ́rin tí orin yẹn dúró lé ni. Ẹ fọn wọ́n dọ́gbadọ́gba, kí èémí kún inú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lọ́wọ́ ìparí, ó di ohùn kan mú lókè, ó kù díẹ̀ kó pé báà mẹ́rin (báà kan jẹ́ kíkà mẹ́rin). Lórí trumpet, C òkè ni. Ẹni tí kò bá tíì lè di G àárín mú fún kíkà 16 láìgbọ̀n, kó fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Bó bá fi tipátipá wá a, ṣe ló máa fi mouthpiece, ìyẹn ibi tí à ń gbé ẹnu sí lára fèrè, tẹ ètè mọ́ eyín, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè rìn níbẹ̀, ètè ò ní lè gbọ̀n mọ́, ohùn á sì já.

Tí ẹ bá wá ń fọn ọ́n tẹ̀lé àwo tí kò bá mu, ẹ má tètè dá ara yín lẹ́bi. Ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan ni irú àwo àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ń yí. Bí ẹni tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ kó yára díẹ̀, gbogbo ohùn inú rẹ̀ ló máa gòkè.

Àní Kind of Blue tí Miles Davis, afọn-trumpet jazz ará Amẹ́ríkà, ṣe ní 1959 pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀! Lọ́jọ́ kejì oṣù kẹta ọdún yẹn, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ ń yí falẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé téèpù náà sórí ẹ̀rọ tó ń yí bó ṣe yẹ, orin mẹ́ta tó wà lójú kìíní gòkè kọjá ibi tí wọ́n ti fọn ọ́n. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn ènìyàn fi ń tún fèrè wọn ṣe mọ́ àṣìṣe. Àtúntẹ̀ tó jáde lẹ́yìn ọdún 1990 ni kí ẹ wá.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá àwo ló jẹ̀bi àbí ẹ̀yin? Ẹ fọn fèrè fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó kọ́kọ́ gbóná. Ooru tiwa yìí máa ń gbé ohùn fèrè sókè, nítorí náà ẹ fa tuning slide, ìyẹn ọ̀pá tí à ń fà láti tún ohùn fèrè ṣe, jáde díẹ̀díẹ̀. Bí ìyàtọ̀ náà bá ṣì tó láti dò dé rè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ slide mọ́. Ẹ ti gbàgbé pé ohun tí dùùrù ń pè ní C, D ni trumpet ń pè é. Ẹ dín ìyára orin náà kù sí 0.75 lórí fóònù, ẹ kọ ọ́ lẹ́nu ní dò-rè-mí títí ẹ ò fi ní ṣìnà mọ́, kí ẹ tó gbé fèrè. Ohun tí ẹnu ò bá lè kọ, fèrè ò ní í sọ ọ́.

Nínú Blue in Green, ọ̀kan lára orin inú Kind of Blue, Miles ti mute Harmon, ìdérí tó ń dín ohùn kù, bọ ẹnu fèrè, ó sì yọ ọ̀pá kékeré àárín rẹ̀. Mute yẹn tún ń gbé ohùn sókè, ẹ tún fa slide jáde sí i. Ẹ sún mọ́ gbohùngbohùn dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ yín.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Victor Ọláìyá, tó kú ní 2020, ni ọ̀gá fún ẹni tó bá fẹ́ jẹun lóde àríyá. Ẹ gbọ́ Baby Mi Da: ohùn trumpet yẹn fẹ̀, kò gún etí. Fẹlá, tó wà nínú ẹgbẹ́ Ọláìyá rí, ló ṣe Water No Get Enemy ní 1975. Ó ju ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lọ, àmọ́ gbólóhùn tí àwọn fèrè ń sọ níbẹ̀ kúrú. Bíbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pọ̀ kò ṣòro. Dídákẹ́ pọ̀ ló ń dójú ti ẹgbẹ́ fèrè, nítorí náà ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ti máa gé. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi Grazing in the Grass ti Hugh Masekela, afọn-trumpet ará South Africa, 1968, bẹ̀rẹ̀. Agogo ló ń ṣíwájú níbẹ̀, kò ní ṣàjèjì sí etí wa.

Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ fèrè púpọ̀ ni mo fi èyí tó kù pamọ́ fún: orin Gabrieli, akọrin-sílẹ̀ ará Ítálì àtijọ́, tí àwọn afọnfèrè idẹ láti Philadelphia, Cleveland àti Chicago kóra jọ gbà sílẹ̀ ní 1968. Ẹgbẹ́ kan wà lápá òsì, òmíràn wà lápá ọ̀tún, wọ́n ń dá ara wọn lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pín earpiece kan gbọ́ lénìyàn méjì, ìdajì orin náà lẹ ń gbọ́. Spíkà fóònù ò tilẹ̀ lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ tuba, fèrè idẹ tó tóbi jù, jáde dáadáa. Ẹ gba earpiece kejì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín.