Nọ́ńbà Tó Bá Òkú Wọnú Iná

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin olùgbọ́ mi nílé àti lẹ́yìn odi. Èmi nìkan ni mo tún jókòó sídìí ẹ̀rọ lónìí, ọ̀rọ̀ tó sì wà lọ́kàn mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní oṣù tó kọjá ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ papòdà lóru. Nítorí pé òkèèrè ni àwọn ọmọ wọn wà, èmi ni wọ́n pè pé kí n bá àwọn dé ilé ìtọ́jú òkú kan tí ọkùnrin kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ ń darí, tí ààrò tiwọn tí wọ́n fi ń sun òkú sì wà lẹ́yìn ilé.

Èmi rò pé pósí àti iná ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ohun tí ẹbí ń sanwó rẹ̀ gan-an ni pé kí ẹnìkan máa mọ ẹni tí òkú náà í ṣe, láti ìṣẹ́jú tí wọ́n bá ti gbé e kúrò lórí ibùsùn títí eérú yóò fi dé ọwọ́ àwọn tó ni ín. Ọkùnrin yẹn fúnra rẹ̀ ló wá gbé òkú lóru ọjọ́ náà. Kí ó tó fọwọ́ kan olóògbé, ó béèrè orúkọ wọn ní kíkún, ó kọ ọ́ sára okùn pẹlẹbẹ kan, ó sì so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ wọn lójú ìyàwó wọn.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń mójú tó ìwé: ìwé ẹ̀rí ikú, ìwé àṣẹ ìjọba, àti èyí tí mọ̀lẹ́bí tó súnmọ́ olóògbé jù lọ máa ń fọwọ́ sí pé kí wọ́n sun òkú. Wọn kì í kánjú lórí èyí, nítorí pé òkú tí a sin ṣeé hú bí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ, ṣùgbọ́n èyí tí a ti sun kò ní àyẹ̀wò mọ́. Ìbéèrè kan tí ó bi ẹ̀gbọ́n mi yà mí lẹ́nu: “Ẹ jọ̀wọ́, ṣé dókítà fi ẹ̀rọ kankan sí wọn láyà?” Bátìrì inú ẹ̀rọ tó ń mú kí ọkàn lù déédéé máa ń bú gbàù nínú ooru, ó sì lè ba inú ààrò jẹ́ tàbí kí ó ṣe òṣìṣẹ́ léṣe. Ọ̀kan wà láyà wọn lóòótọ́, wọ́n sì yọ ọ́.

Ní ti pósí, ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi. Níbìkan tí n kò ní dárúkọ, nígbà tí àbúrò bàbá mi kú, wọ́n jẹ́ kí n gbà pé dandan ni pósí onígi olówó gọbọi àti abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí òkú bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni a kò fẹ́ tẹ́ òkú kí ẹnikẹ́ni wò ó. Pósí ọ̀hún bá wọn jóná. Inú ṣì ń bí mi. Àpótí páálí líle tó iná sísun, ẹni tó bá sì fẹ́ kí àwọn ènìyàn wo òkú fún ìgbà ìkẹyìn lè háyà pósí.

Kí wọ́n tó ti òkú wọ ààrò, ọkùnrin náà fi irin róbótó kan tí kò ju owó ẹyọ lọ hàn wá, tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí lára. Irin náà yóò bá òkú wọnú iná, kò sì ní yọ́. Ooru inú ààrò máa ń wà láàárín 760 sí 980 lórí òṣùwọ̀n Celsius, iṣẹ́ náà sì lè gbà tó wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí à ń pè ní eérú kì í tilẹ̀ ṣe eérú, egungun ni: wọ́n máa ń jẹ́ kí ó tutù, wọ́n á fi mágínẹ́ẹ̀tì ṣa irin kúrò, wọ́n á sì lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ bi àwọn tí ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún bóyá àwọn ló ni ààrò, nítorí ọ̀pọ̀ ń gbé òkú lọ síbòmíràn. Àwọn mìíràn sì wà tí orúkọ ìdílé ṣì wà lójú ilé wọn, tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ńlá ti rà á.

Ọkọ̀ òfuurufú ni ẹ̀gbọ́n mi yóò fi gbé eérú náà tọ àwọn ọmọ wọn lọ, nítorí náà ìkòkò onígi ni wọ́n yàn, kí ẹ̀rọ ayẹ̀rùwò pápákọ̀ lè rí inú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà mú irin róbótó yẹn jáde, ó ti dúdú. Ẹ̀gbọ́n mi fi awò ojú wọn sí, wọ́n ń ka nọ́ńbà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà sì ń fi ìka tẹ̀ lé e lórí ìwé. Wọ́n dúró níbi ọ̀kan, bóyá 3 ni tàbí 8. Wọ́n fi àtàǹpàkò nù ún, wọ́n tún wò ó. 8 ni. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gba bírò.