Owó Orí Ọjà Wa àti Òkùnkùn Kubwa

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Abuja ṣe ilé, ẹ kú ìjókòó o.

Risíìtì ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Fáànù kan ni mo rà ní Wuse, 40,000 náírà. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀: VAT, ìyẹn owó orí ọjà, 3,000 náírà. Ìdá méje ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1994, ìdá márùn-ún ni. Oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n bù sí i.

Ìjọba àpapọ̀ ló ń gbà á, àmọ́ kì í ṣe òun ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Nínú òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026, ìdá 10 ni tirẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ àti Abuja ló ni 55, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ló ni 35. Ìyẹn ni pé lára owó fáànù mi, lára owó ọjà tí ẹ̀yin náà ń rà, owó ń wọ ìlú. Kí ni ìjọba ń fi ṣe fún ààbò wa?

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ìlú kan wà tí aráàlú ti dìbò pé kí wọ́n máa gba owó orí ọjà, kí wọ́n sì fi sanwó ọlọ́pàá àti panápaná. Tiwa kò ní orúkọ lára. Inú àpò gbogbogbòò ló ń wọ̀. Òótọ́ ni pé abala 214 nínú òfin orílẹ̀-èdè kò gba ìjọba ìbílẹ̀ láyè láti dá ọlọ́pàá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí wọ́n má tan iná sójú pópó?

Ọ̀rọ̀ iná yìí ń dùn mí gidigidi. Ẹ dúró sí ibùdókọ̀ wa ní Kubwa níbí ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Òpó iná mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló ń tàn. Nọ́ọ̀sì tó ti ibi iṣẹ́ dé ń fi iná fóònù yẹ ojú dírẹ́bà wò kó tó wọkọ̀, nítorí ẹ̀rù àwọn wan-ṣáànsì. Ọlọ́dẹ àdúgbò wa, àwa onílé la ń dá owó bátìrì tọ́ọ̀ṣì fún un.

Mi ò sọ pé kí wọ́n ra ohun olówó ńlá. Lọ́dún 2010, wọ́n gbé iṣẹ́ kámẹ́rà ààbò jáde ní mílíọ̀nù 470 dọ́là, Ṣáínà la sì ti yá èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí wọ́n gbé kọ́ sí Abuja kò ṣiṣẹ́. Gílóòbù ni mò ń tọrọ.

Òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ti ọdún 2011 fún ìjọba ní ọjọ́ méje láti fèsì. Mo ti kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ Bwari: eélòó ni VAT tó wọlé lọ́dún tó kọjá, eélòó ló bá iná ojú pópó lọ? Ó wà lórí tábìlì níwájú, ẹ wá fọwọ́ sí i kí ẹ tó máa lọ.